Káàdì Kàbírù Tí Kò Lópin

Nígbà ayé Bùọ̀dá Àjíṣafẹ́, ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù nípa ikú, òtútù ni. Kì í ṣe iná, kì í ṣe ìbéèrè inú sàréè. Òtútù! Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́ran-dídì kan lápá Deptford, níbi tí wọ́n ti ń wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn bíi tìmùtìmù, tí irùngbọ̀n èèyàn á ti di yìnyín kó tó to páálí adìyẹ ọwọ́ rẹ̀ tán. Bó bá délé, á jókòó ti hítà, á ní: "Ẹ gbọ́ o. Bí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí n sun inú fíríìjì wọn. Èyí tí mo ti sùn láàyè ti tó. Ẹ yáa tètè gbé mi wọlẹ̀, inú ilẹ̀ móoru."

A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wá kú ní Wednesday kan lópin oṣù August, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Kàbírù kì í ṣe ọmọ ìyá Bùọ̀dá Àjíṣafẹ́. Òun ló ni van funfun tó ń kó iṣu, gàrí àti epo pupa káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù láti Peckham dé Catford. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kàbírù dé London pẹ̀lú báàgì kan àti ẹnu ńlá, orí kápẹ́ẹ̀tì Bùọ̀dá Àjíṣafẹ́ ló sùn títí òjò dídì fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Báàgì yẹn ti gbó. Ẹnu yẹn ò gbó rárá.

Káàdì kan ló sì wà tó máa ń fi ẹnu náà yìn. Ẹ wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù Nasrullah tó ń gẹrun ní Rye Lane, tí yóò yọ káàdì ọ̀hún bí ẹni yọ idà:

"Credit card tiyín, wọ́n ti kọ iye tẹ́ ẹ lè ná síbẹ̀, wọ́n so yín mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Charge card ni tèmi! Mo ná an, oṣù parí, mo san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí pé mò ń san díẹ̀díẹ̀, kò sí owó èlé, kò sí ribá. Limit kẹ̀? Wọn ò kọ limit kankan fún mi!"

"Kí lo wá ń fi rà?" Nasrullah bi í, abẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Diesel."

"Diesel nìkan?"

"Diesel àti omi."

Ṣọ́ọ̀bù dàrú fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ni Nasrullah ti sọ ọ́ ní Alhaji No-Limit. Kàbírù ò bínú. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká sọ nípa rẹ̀, torí ẹnu nìkan kọ́ ló ní. Kàbírù kì í jẹ́ kí gbèsè bá òun sùn. Bó bá ra diesel láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ó ti fi fóònù san án padà. Ó ní bí ikú bá dé lójijì ńkọ́, tí wọ́n wá dá ẹ̀mí òun dúró nítorí gbèsè diesel? Alfa Abdulqoyyum tó ń darí wa nírun a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí. A ò mọ̀ pé ìwà dáadáa yìí gan-an ló máa tì wá sínú kòtò.

Ní Thursday, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Alfa gbé báfù aláwọ̀ ewé jáde. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá kú láàárín wa, báfù yẹn ló ń ra sàréè fún un, nítorí a kì í fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Owó ti ń bọ́ síbẹ̀ nígbà tí Kàbírù dìde.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé báfù yẹn kúrò! Ọkùnrin tó gbà mí sílé nígbà tí mi ò nílé, ṣéńjì lẹ fẹ́ fi sin ín? Èmi ni màá san án. Gbogbo ẹ̀!"

Nasrullah tó ti ju ogún pọ́n-ùn síbẹ̀ fà á yọ kíá, bí ẹni pé báfù fẹ́ bù ú ṣán.

"Kàbírù," ni Alfa wí, "owó ilẹ̀ ìsìnkú níhìn-ín kì í ṣe ti Ìsẹ́yìn o. Pẹ̀lú ohun gbogbo, á tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pọ́n-ùn."

"Iṣẹ́ káàdì mi nìyẹn! Àjọ kàn mí lóṣù tó ń bọ̀. Kí àwọn oníkáàdì tó béèrè owó wọn, àjọ ti délẹ̀."

Kò sí àléébù kankan nínú ìṣirò yẹn. A wò ó sọ́tùn-ún, a wò ó sósì, ó gún.

"Ó sì dá ọ lójú pé káàdì yìí ò lópin?"

"Kò lópin!"

"Ọlọ́hun nìkan ni kò lópin," Alfa wí. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá owó olówó padà. Àǹtí Mìsítúrà, ìyàwó olóògbé, sunkún, ó sì gbàdúrà fún Kàbírù títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní Friday, ìwé ikú jáde. Kàbírù àti Hameedah, ọmọ olóògbé tó ń lọ sí yunifásítì, jọ lọ sí ilé ìtọ́jú òkú. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì, Ìyáàfin Kánsọ́lá, ṣàlàyé fún wọn: àwọn olùtọ́jú itẹ́ òkú fẹ́ gbowó wọn kí aago méjì tó lù. Bí wọ́n bá rí i gbà, wọ́n á gbẹ́lẹ̀, wọ́n á sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Bí wọn ò bá rí i gbà, wọ́n ti ń kógbá wọlé, bank holiday ni Monday, ó di Tuesday.

"Tuesday ti ta ni?" Kàbírù ní. Ó na káàdì sí ẹ̀rọ ìgbowó orí tábìlì.

Ẹ̀rọ náà ronú. Ó ronú bí adájọ́. Ó ní rárá.

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́."

"Ẹni tó sanwó ṣáájú yín, ó gba tiẹ̀."

"Ẹ nù ún."

Ìyáàfin Kánsọ́lá fi aṣọ nù ún. Ẹ̀rọ náà tún ronú, pẹ̀lú ojú tó mọ́ tónítóní. Ó ní rárá.

Wọ́n jáde sínú van, Kàbírù pe ilé-iṣẹ́ oníkáàdì. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú ló gbé e.

"Ẹ sọ fún mi pé kò ní limit!"

"A sọ pé a ò kọ limit kan pàtó sílẹ̀ fún yín, sà. Ìyẹn ò ní kí ó má sí. Bí ẹ ṣe ń ná an, bí ẹ ṣe ń san án, iye tó ń wọlé fún yín, la fi ń mọ iye tí a lè jẹ́ kí ẹ ná. Ó lè gòkè, ó lè wálẹ̀."

"Mò ń san! Mi ò jẹ yín ní kọ́bọ̀ rí! Ọjọ́ tí mo bá rajà náà ni mò ń san án!"

"Ó hàn níbí, sà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n diesel ni gbogbo ẹ̀. A ò rí yín kí ẹ ná owó tó pọ̀ rí, ká tó mọ̀ pé ẹ lè san án padà. Owó tó sì ń wọ báńkì yín kéré."

Òótọ́ ni. Owó ọwọ́ ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń san fún un. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ sínú àjọ, inú àpò Àlhájà kan ní Brixton, níbi tí kọ̀ǹpútà kankan ò lè yọjú dé. Lójú àwọn oníkáàdì, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni, tó ń mu omi, tó sì ń ra diesel.

"Ẹ fi ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún yín ránṣẹ́, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn bank holiday, ẹ ó gbọ́ èsì."

Hameedah ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò ìwé tí Kàbírù ń kọ owó ọjà sí nínú van, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. "Uncle, bọ́tìnì kan wà níbí o. Ẹ máa type iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná, á sọ fún yín bóyá ó máa gbà. Ṣé ẹ ò tẹ̀ ẹ́ rí ni?"

"Kí ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún? Ohun tí kò lópin, wọ́n tún ń béèrè òpin ẹ̀?"

"Uncle, this is peak, man."

"Kí ló ń jẹ́ peak?"

"Ó ń jẹ́ pé a ti wọ gàù."

Àárọ̀ ṣì ni. Alfa wà nínú mọ́ṣáláṣí tó ń múra fún Jímọ̀, kò sì jìnnà. Hameedah ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Alfa, kí wọ́n gbé báfù jáde padà."

"Lójú Nasrullah? Kó máa fi mí gẹrun fáwọn èèyàn títí màá fi kú? Jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe."

Ohun tó mọ̀ ni pé ó padà wọlé, ó ní kí Ìyáàfin Kánsọ́lá gé owó náà sí wẹ́wẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan kọ́kọ́. Ẹ̀rọ ronú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni! Kàbírù fò sókè, díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbé pósí kọjá. "Ṣé ẹ rí i! Mo ní kò lópin!" Ẹgbẹ̀rún kejì: rárá. Ó dín in kù: rárá. Ó gé e sí méjì, ó gé e sí mẹ́rin, ó dúró díẹ̀, ó tún gbìyànjú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí káàdì bí ẹni fẹ́ tíì gbígbóná. Nígbà tó yá, fóònù rẹ̀ dún. Ilé-iṣẹ́ oníkáàdì ni. Wọ́n ní ó jọ pé olè kan ti jí káàdì rẹ̀, nítorí náà wọ́n ti tì í pa láti dáàbò bò ó.

Ìgbà yẹn ló wá sáré. Ó sáré gba Rye Lane kọjá, ó gbá páálí tòmátò ẹnì kan dànù, kò dúró tọrọ àforíjì. Ó já wọ mọ́ṣáláṣí, ó la ẹnu.

Alfa ti wà lórí mímúbárì. Kútùbá, ìwáàsù Jímọ̀, ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ ọ́n, a kì í sọ̀rọ̀ nígbà kútùbá. Ẹni tó bá tilẹ̀ sọ fún ọmọnìkejì rẹ̀ pé "dákẹ́," òun náà ti sọ ìsọkúsọ. Kàbírù, tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí, jókòó sẹ́yìn, ó pa ẹnu dé. Aago wà lára ògiri níwájú rẹ̀, ó ń sún mọ́ méjì. Alfa ń wáàsí nípa oore ṣíṣe. Ó dárúkọ Kàbírù. Gbogbo ojú yí padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ń mi orí bí alángbá, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú.

Bí wọ́n ti kírun tán, tí wọ́n sálámà, ó fò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́! Káàdì ti kọ̀! Ẹ gbé báfù jáde!"

A rò pé àwàdà ni. Nasrullah ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alhaji No-Limit!" Ìgbà tó rí ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì. Òun ló kọ́kọ́ ju owó sílẹ̀: ogún pọ́n-ùn àná, àti gbogbo owó irun tó gẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ò rí nǹkan! Owó ń rọ́ bí òjò. Àwọn obìnrin ń tú u sílẹ̀ láti òkè níbi tí wọ́n ti ń kírun, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan kó gbogbo àpò rẹ̀ dà. Báfù kún, wọ́n bọ́ fìlà, fìlà kún. Owó pé, ó lé! A gbé e, a sáré, Alfa fúnra rẹ̀ ń sáré, jálàbíà lápá. Ìyáàfin Kánsọ́lá gbé fóònù, ó pe àwọn olùtọ́jú itẹ́.

Ó ń dún. Ó ń dún. Ó ń dún.

Ó gbé e sílẹ̀. "Wọ́n ti lọ," ló wí.

Àǹtí Mìsítúrà ti dé nígbà náà, ó ti wọṣọ ìsìnkú. Ó wo fìlà tó kún fún owó, ó wo Kàbírù.

"Inú fíríìjì ló wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Títí di Tuesday."



Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Mìsítúrà gbé jákẹ́ẹ̀tì ilé ìkẹ́ran wá, èyí tó nípọn bíi tìmùtìmù. Ó ní kí wọ́n fi bo ọkọ òun.

"Mummy," ni Ìyáàfin Kánsọ́lá wí, "ẹ mọ̀ pé aṣọ funfun nìkan ni. Wọn ò sì ní gbà fún mi níbí."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n béèrè ni."  Kàbírù ń bẹ níbẹ̀, láti àárọ̀ ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá òtútù náà, kò sẹ́ni tó rán an. Àǹtí Mìsítúrà gbé jákẹ́ẹ̀tì lé e lẹ́sẹ̀. "Ìwọ wọ̀ ọ́. Títí ilẹ̀ á fi bò ó." Kò sọ ọ́ bí ẹni bínú. Ìbá sàn kó bínú.

Ní Tuesday, oòrùn mú bí èyí tí wọ́n rán níṣẹ́. Gbogbo wa ń làágùn níbi itẹ́. Kàbírù wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó fà á dé ọrùn, ó ń fi ṣọ́bìrì rọ́ iyẹ̀pẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò Hameedah, ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Hameedah wò ó.

"Uncle." Ohùn rẹ̀ kéré. "Àwọn oníkáàdì ni. Wọ́n ti yẹ ìwé yín wò, wọ́n ti ṣí i. Wọ́n ní ẹ lè ná tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

A wo Nasrullah. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọdún kan ni ì bá fi jẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wolẹ̀.

Kàbírù tún bu iyẹ̀pẹ̀. Òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sínú sàréè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Alfa fọwọ́ kàn án léjìká.

"Kàbírù, bọ́ ọ. Ooru á pa ọ́."

"Kò tíì bò ó tán," Kàbírù wí, ó sì tẹ̀ síwájú.