Ẹ̀rọ Tó Ń Ríran Jù

Ọ̀gá Akíndé fẹ́ràn ẹ̀rọ wa ju àwa òṣìṣẹ́ lọ. Bí àlejò bá dé ilé àyẹ̀wò wa l'Ọ́tà, ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn wọ́n: "Ó ń fi ìwúwo dá kẹ́míkà mọ̀! Ẹ da ṣíbí májèlé kan sódò, á rí i!" Irọ́ gbuu. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀ nínú omi, ẹ̀rọ ò lè rí ohun tó kéré. Ariwo ọjà kì í jẹ́ ká gbọ́ igbe ọmọ.

Èmi Àdìzát ni mo wá ọ̀nà sí i. Mo ń sẹ́ omi gba inú ike kékeré kan tó ń di kẹ́míkà mú, mo ń fọ ìdọ̀tí dànù, kí n tó ṣan ohun tó kù jáde fún ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn lojú ẹ̀ wá là.

Omi kànga àdúgbò Ilo-Awela ló kọ́kọ́ rí. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí, alága àwọn onílé ibẹ̀, ló gbé e wá, torí inú ń run àwọn ọmọ àdúgbò. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà wà nínú ẹ̀, ó sì ju ohun tó yẹ kéèyàn mu lọ. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan wà lẹ́yìn kànga náà. Àwọn ni oníbàárà wa tó tóbi jù.

Ọ̀gá ka èsì náà, ojú ẹ̀ pọ́n. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Má sẹ́ nǹkan kan mọ́. Da omi yẹn sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kó o kọ 'A kò rí nǹkan kan.'"

Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Ó sọ èsì sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀, kò buwọ́ lù ú. Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má mu omi náà mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ bá ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n mú ìwé èsì tí Ọ̀gá buwọ́ lù wá. Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Inú bí mi gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá yọ́ wọlé pẹ̀lú ike omi nínú ọ̀rá dúdú. "Omi ilé mi ni. Ìyàwó mi ní ó ń rùn. Jọ̀ọ́, fi ọ̀nà tìẹ yẹn wò ó."

"Èyí tó ń ríran ni, sà, àbí èyí tí ò rí nǹkan kan?"

"Àdìzát, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lu ti Ilo-Awela, sà."

Ó wò mí, ó wo ike. Ó lọ fa èsì náà yọ nínú dúrọ́ọ̀. Ó buwọ́ lù ú. Kí n tó ṣí ike ẹ̀ rárá, mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Bàbá.

Nírọ̀lẹ́, èsì tiẹ̀ jáde. "Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀, sà. Ẹ lọ fọ táńkì yín."

Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ yí padà. "Ìwé tí mo buwọ́ lù ńkọ́?"

"Bàbá àti àwọn ará Ilo-Awela ti ń kà á lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, sà."