Ẹni Tó Ń Pa Gúùsì Ọ̀nà Adágún

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìlú wa, ìlú kékeré kan láàárín oko ọkà ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, mi ò sì fi táyà pa ẹran kankan rí, àfi ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó sá wọ abẹ́ ọkọ̀ lójijì. Gbogbo ẹni tó mọ Verna Dueck ló mọ èyí. Nígbà tí àwọn gúùsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Ọ̀nà Adágún, tí wọ́n ń kú ní méjì méjì, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára bí ẹni pé ilé mi ni olè wọ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ńlá ni gúùsì tí mò ń sọ yìí, ọrùn wọn dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn funfun. Wọ́n máa ń dé nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, wọ́n á pamọ létí omi, tó bá sì di oṣù kẹfà, ìyẹ́ apá wọn á gbọ̀n dànù. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọn ò ní lè fò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn nígbà náà, láti inú adágún sọdá títì lọ sí pápá ìṣeré níbi tí koríko ti rọ̀, ìyá níwájú, àwọn ọmọ láàárín, bàbá lẹ́yìn. Wọn kì í kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti rí wọn lókèèrè, màá dín eré kù, màá tan iná ìkìlọ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa kọlù mí, màá sì rọra dúró jìnnà sí wọn. Mi ò ní fun fèrè, torí bí fèrè bá dún, ńṣe ni àwọn ọmọ máa ń fọ́nká, ibi tí òmíràn á sì sá sí kò ní yé òun gan-an. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá sì kọjá, màá tún dúró díẹ̀, nítorí ẹyọ kan sábà máa ń ṣẹ́ kù sínú koríko. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ló máa ń bá mi kà wọ́n.

Ọjọ́ Ajé kan ni a rí méjì àkọ́kọ́ níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́ lẹ́bàá omi. Àgbà ni wọ́n, akọ àti abo, wọn ò sì jìnnà síra wọn. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, a tún rí méjì míì níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé àwọn ọmọ dé ilé-ìwé tán, mo padà lọ wo ojú títì náà dáadáa. Kò sí àmì bíréèkì kankan. Ẹni tó bá ṣèèṣì kọlu ẹran á tẹ bíréèkì, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ṣe èyí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Orest Hnatiuk ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá. Tíṣà ìṣirò ni nígbà kan, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé rẹ̀ ló sì sún mọ́ kọ́rọ́ náà jù. Lọ́dún tó kọjá, ó dìde nínú ìpàdé ìlú, ó ní gúùsì ti sọ iwájú ilé òun di ṣálángá, pé bí ìgbìmọ̀ ò bá wá nǹkan ṣe sí i, òun á ṣe é fúnra òun. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo rí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sì wà nínú rẹ̀. Ó jáde, ó rí mi níbi tí mo ti ń wò ó, ó fa tapólì bo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ láìkí mi.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ya ilé epo, mo sọ ọ́ fún Bernice tó ń ta kọfí níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ nǹkan fún Bernice ní aago mẹ́ta, gbogbo ìlú á ti gbọ́ kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Mo tún pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ẹran ìgbẹ́, torí òfin ò gbà kí ènìyàn pa gúùsì bó ṣe wù ú. Obìnrin kan wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní kí Orest ṣí gáréèjì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pè mí pé bàbá náà ní òkú ẹyẹ lòun ń gbé kúrò lójú títì, òun ò pa ọ̀kankan. Mo ní mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní ta ló ń gbé òkú ẹyẹ tó kórìíra kiri?

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Bernice láti wá sọ èyí náà, òun ló fi nǹkan míì sí mi láyà. Ó nu kọ́ǹtà, ó ní, “Ọ̀gá Walter ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti rí i gbẹ̀yìn níbí.”

Walter ni ọkọ mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó fi gbin ọkà báálì. Nígbà tí dókítà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ oko mọ́, a ta ilẹ̀ náà nígbà ìkórè tó kọjá, a kó wá sígboro. Láràárọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́fà, yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, yóò ní òun ń lọ mu kọfí pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ yòókù ní ilé epo. Mo rẹ́rìn-ín fún Bernice, mo ní òtútù ń mú un díẹ̀. Inú ọkọ̀ mi ni mo ti wá rántí ohun tí mi ò fẹ́ rántí. Kò sí ẹni tó kórìíra gúùsì tó Walter. Bí ìgbà ìkórè bá dé, ọgọ́rùn-ún wọn á balẹ̀ sórí báálì tó gé sílẹ̀, òun á sì sáré jáde pẹ̀lú ìbọn, á máa yìn ín sókè, á máa pè wọ́n ní olè.

Nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án, mo ṣí ọkọ̀ rẹ̀. Ìyẹ́ dúdú kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá àga ìwakọ̀. Ara ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀ ti họ káàkiri, bí ẹni pé nǹkan ṣá a. Mo pa ilẹ̀kùn náà dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan.

Lórí oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo bi í pé, “Àwọn Bernice ńkọ́?”

“Wọ́n wà.”

“Kọfí wọn ò tíì sàn?”

“Omi gbígbóná lásán ni.” Kò gbójú sókè kúrò nínú àwo rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bu ọ̀dùnkún, mo sì ń bi ara mi léèrè ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe ní aago mẹ́fà àárọ̀. Orest tí mo ti ṣèdájọ́ fún ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Walter nìkan ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ Àìkú, bó ṣe jáde, mo gun kẹ̀kẹ́ mi tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ti ga lójú ọ̀run ní ìlú wa ní àkókò yẹn. Mi ò nílò láti sáré, mo ti mọ ibi tó ń lọ. Mo gba ẹ̀yìn pápá ìṣeré, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pákó tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ọkọ̀ Walter wà ní kọ́rọ́ náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, gíláàsì rẹ̀ ti wálẹ̀.

Àwọn gúùsì ń gòkè bọ̀ láti inú omi. Wọn ò sá. Wọ́n na ọrùn, wọ́n ń sáré lọ bá ọkọ̀ náà, àwọn ọmọ wọn ń fẹsẹ̀ kéékèèké sáré tẹ̀ lé wọn. Walter na ọwọ́ jáde, ó fọ́n báálì sílẹ̀. Ìkúnwọ́ kan, òmíràn, òmíràn. Àwọn tó wà níwájú ń fi ẹnu ṣá ara ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé kó ṣe kíá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀yin olè.” Ó ti pẹ́ tí ohùn rẹ̀ ti rọ̀ báyìí gbẹ̀yìn.

Ara tù mí débi pé mo fẹ́ jáde lọ bá a. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó rọra yà fún wọn, ó sì lọ. Àwọn ẹyẹ náà ò kúrò. Wọ́n ń ṣa ọkà lórí ọ̀dà. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ọkọ̀ míì lẹ́yìn kọ́rọ́, ó ń bọ̀ kíákíá. Gbogbo wọn gbé ọrùn sókè. Mo retí kí wọ́n sá. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n yíjú sí ìró ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n ń rìn lọ pàdé rẹ̀.

Ọkọ̀ pupa kékeré kan ni. Ẹni tó ń wà á ò ráyè tẹ bíréèkì, ó fa sítíárì sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà rẹ̀ méjì wọ inú òkúta etí títì, ọkọ̀ náà mì lọ mì bọ̀, díẹ̀ ló kù kó dojú dé. Ó bọ́ sójú ọ̀nà padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ kan ti wà nílẹ̀, kò mira mọ́.

Abo rẹ̀ padà wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó dúró lé e lórí, ó fi ẹnu fa apá rẹ̀, ó dúró, ó tún fà á. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń kú ní méjì méjì. Kò sí ẹni tó ń lé èkejì kiri. Èkejì ni kì í fi ojú títì sílẹ̀.

Mo ti ń sáré lọ nígbà tí ilẹ̀kùn ilé Orest ṣí. Ó jáde tòun ti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, aṣọ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan wà ní apá rẹ̀. Ó wọ ojú títì, ó wo ìhà méjèèjì, ó fi aṣọ náà gbé òkú ẹyẹ, ó sì gbé e lọ sínú koríko níbi tó jìnnà. Abo náà ń tẹ̀ lé e, ó ń súfèé bínúbínú sí i. Nígbà tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán ló tó rí mi.

“Verna,” ó ní. “Ṣé wàá pe ìjọba ni?”

Mo bá a lé àwọn tó kù kúrò lórí ọ̀dà, a gbá ọkà náà sínú kòtò. Nígbà tí a parí, mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ.

“Mo máa ń rí ọkọ rẹ láti fèrèsé.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún obìnrin tó wá yẹn?”

“Ó bi mí bóyá èmi ni mo pa wọ́n. Mo ní èmi kọ́. Kò bi mí ní nǹkan míì.” Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. “Mo fẹ́ bá Walter sọ ọ́ fúnra mi, láìfa ariwo. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta oko rẹ̀ ni. Mò ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni ìwọ ti rán ìjọba sí mi.”

Nígbà tí mo délé, Walter ti ń po kọfí tirẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀, mi ò bá a pariwo. Ó jókòó.

“Wọ́n mọ ìró ọkọ̀ mi,” ó ní.

“Ìró ọkọ̀ gbogbo ènìyàn ni wọ́n mọ̀ báyìí, Walter. Ohun tó ń pa wọ́n nìyẹn.”

Ó ní ìgbà àkọ́kọ́, òun kàn lọ wò wọ́n ni. Báálì tó ṣẹ́ kù nínú irúgbìn wà nínú bùútù, ó sì fọ́n díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń dúró dè é. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan tó tún ń dúró dè mí láràárọ̀.”

“Èmi ńkọ́?”

Ó wò mí bí ẹni tí kò rò ó rí. Ó na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì, mo sì gbà á, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́.

Kò fún wọn lọ́kà mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹyẹ ti kọ́ kì í tán lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni èmi àti Walter fi dúró ní ìhà méjèèjì kọ́rọ́ náà láràárọ̀ pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, à ń fọwọ́ sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n rọra. Àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ti di ọlọ́pàá pẹ́pẹ́yẹ. Walter fúnra rẹ̀ ló ń na aṣọ láti lé wọn padà sómi bí wọ́n bá ń sáré bọ̀ wá bá a, ó sì máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ọjọ́ Àìkú yẹn, mo lọ sí ilé epo nígbà tí gbogbo àga kún. Mo ní irọ́ ni ohun tí mo sọ nípa Orest, pé òun ló ń gbé òkú kúrò kí èkejì lè yè, àti pé ilé mi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bernice ló dá mi lóhùn: “Verna, o ba ọjà mi jẹ́. Ọ̀rọ̀ Orest ló ń bá mi ta kọfí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó wojú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti lọ kan ilẹ̀kùn Orest. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

“Láti ọjọ́ Ẹtì títí di òní, ènìyàn mẹ́tàlélógún ló rí mi tí wọn ò kí mi,” ó ní. “Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá nínú wọn, èmi ni mo kọ́ wọn ní ìsodipúpọ̀. Mo gbọ́ ohun tí o wí, Verna.” Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí oṣù keje ń parí lọ, ìyẹ́ wọn hù padà, àwọn ọmọ náà sì kọ́ bí a ṣe ń fò. Walter ti ń mu kọfí ní ilé epo ní tòótọ́ báyìí, òun àti Orest sì máa ń jókòó sí tábìlì kan náà. Ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ní tèmi, bí a bá pàdé ní ilé ìfìwéránṣẹ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Ó máa ń dá mi lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tilẹ̀ bi mí bóyá ọ̀nà bọ́ọ̀sì mi á yí padà lọ́dún yìí.