Ẹ Bá Mi Ya Fọ́tò Orí Tábìlì

Àwọ̀ ojú bàbá rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Lórí kọ̀ǹpútà, ojú náà dúdú, ó ń dán, èèyàn sì lè ka ìlà iwájú orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti gba inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ́ sórí bébà báyìí, á di nǹkan mìíràn. Nígbà mìíràn á pọ́n bí ojú ẹni tínú ń bí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á dà bíi pé wọ́n da eérú lé e lórí. Ọmọbìnrin náà á mú bébà lọ síbi fèrèsé, á wò ó síwá sẹ́yìn, á pòṣé, á sì fà á ya.

Oní-fọ́tò ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí kò mọ orúkọ mìíràn tí òun ì bá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàtà ni bàbá náà rán títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ láti rí ihò abẹ́rẹ́. Ní báyìí, àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, níbi tó ti ń rí gbogbo bí wọ́n ṣe ń fà á ya.

"Ojú mi lo tún fà ya yẹn," ó ní.

"Ojú yín kọ́, Bàbá. Íǹkì ni."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń yà á, wọ́n ń tà á. Ìwọ ń yà á, o tún ń ya á. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ ra ojú àgbàlagbà tó ń rán bàtà, kó wá gbé e kọ́ ara ògiri?"

"Ẹnì kan ti ń bèèrè ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Nínú fọ́tò náà, bàbá tẹrí ba lé bàtà kan, ó fi eyín di òwú mú, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà sì bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ojú. Ó ti pẹ́ tí Oní-fọ́tò ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín títí ìyìn fi sú u, kò sẹ́ni tó mówó jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá bá a wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì tiẹ̀, kó máa gbé fóònù. Oní-fọ́tò ló fẹnu ara rẹ̀ ṣàdéhùn: bí páálí bébà tí òun rà bá tán tí òun kò ta ẹyọ kan, òun á lọ. Ẹ̀gbọ́n náà kò bínú, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù. Ó ti wo àga tí wọ́n fẹ́ kó máa jókòó sí ní ọ́fíìsì náà. Kò fẹ́ ẹ, kò sì ní fẹ́ ẹ títí ayé.

Ẹni tó ń bèèrè fọ́tò ni obìnrin kan tó fẹ́ ṣí ilé ìtàwé. Nítorí tirẹ̀ ni bébà ṣe ń ya láti ọjọ́ yìí wá, nítorí Oní-fọ́tò kò ní fi ojú eérú ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ra ọjà rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rí i ṣe. Ó dín pupa kù, kò fọwọ́ kan dúdú rárá, ó sì ní sùúrù kó gbẹ kó tó dá a lẹ́jọ́, torí ó ti yé e pé bébà tó ṣì tutù máa ń purọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹyọ bébà kan ṣoṣo ló kù nínú páálí. Ó jáde lọ ra páìpù onípáálí tí wọ́n ń ká àwòrán sí, inú rẹ̀ sì dùn débi tó fi kí ẹni tí kò mọ̀ rí lójú ọ̀nà.

Ìsọ̀ onípáálí ló wà tí ọ̀rọ̀ obìnrin ilé ìtàwé fi wọlé sórí fóònù rẹ̀. "Ẹ má bínú. Wọ́n ti ta èyí tó dára lórí fóònù fún mi rí, òmíràn ló dé ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n rí èyí tó wà lórí bébà gan-an kí n tó sanwó. Ẹnì kan ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́, káfíńtà tó fẹ́ kan férémù sì ti dúró sí mi lọ́rùn."

Ó yára pe ilé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé páálí ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tò orí tábìlì."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ ya fọ́tò orí tábìlì. Ẹ tètè, Bàbá." Fóònù já.

Ó dúró de fọ́tò. Bàbá rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ dáadáa, àràárọ̀ ló ń fi àwòrán òdòdó kí gbogbo mọ̀lẹ́bí. Kò rí nǹkan kan. Ó tún pè, kò gbé e. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó tẹnu rẹ̀ jáde ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé òun fúnra rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ti ń wo bébà yíya láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ya fọ́tò. Ó ki páìpù bọ abíyá, ó sì sáré.

Nígbà tó wọlé, tábìlì ti ṣófo. Apẹ̀rẹ̀ tó ń da bébà yíya sí kún bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó gbọnrangandan sórí àga, ó pa apá méjèèjì mọ́ àyà.

"Bàbá, fọ́tò dà?"

"Mi ò ya á," ó ní. "Mi ò sì ní ya á."

Ó ṣí apá díẹ̀. Bébà náà wà láyà rẹ̀, kò ká, kò ṣẹ́.

"Mo mú un lọ síbi fèrèsé bó o ṣe máa ń ṣe. Èmi ni. Bí mo ṣe rí nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi nìyí. Bó bá jẹ́ eléyìí lo fẹ́ fà ya, àfi kó o kọ́kọ́ fa èmi náà ya."

Ẹ̀rín pa á, omi sì lé sí i lójú. "Bàbá, mo ní kẹ́ ẹ yà á ni. Kẹ́ ẹ fi fóònù yà á."

"Ṣé bó o ṣe wí nìyẹn?"

"Bí mo ṣe wí nìyẹn."

Bàbá rò ó wò, ó tún un pè lábẹ́nú. "Ya fọ́tò. Hẹn-ẹ́n. O ò bá là á yé mi, mo rò pé orí ẹ ti dàrú ni." Ṣùgbọ́n nígbà tí Oní-fọ́tò na ọwọ́ sí bébà, bàbá kò jọ̀wọ́ rẹ̀. "Èyí ò ṣé tà mọ́. Tèmi ni."

Fóònù dún. Obìnrin ilé ìtàwé ló tún kọ̀wé: "Ṣé kí n mú ti ẹnì kejì ni?"

Oní-fọ́tò kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó fa àga náà tòun ti bàbá dé ibi fèrèsé. "Ẹ di tiyín mú nígbà náà. Ẹ gbé e sókè, kó sún mọ́ ojú yín." Ojú kan lórí bébà, ojú kan lórí ọrùn, dúdú kan náà. Ó yà á, ó fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bébà náà nìyí. Bàbá mi ló dì í mú."

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé. "Mo ti sanwó. Ẹ bá mi kí Bàbá."

Ó ki ẹyọ bébà tó kù bọ inú ẹ̀rọ. Kò gbàdúrà, nítorí ohun tó ń ṣe ti yé e. Àwòrán jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, àwọn méjèèjì sì dúró tì í kó gbẹ. Bàbá tẹrí ba wò ó.

"Èyí ńkọ́? Ṣé ká ya á ni, àbí ká yà á?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá."

Ó ń ká a sínú páìpù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí.

"Wọ́n ń bèèrè ọjọ́ tó o máa bẹ̀rẹ̀," ẹ̀gbọ́n náà ní. "Páálí bébà yẹn, ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Mo ń lọ ra òmíràn."