Dókítà Ẹ́síréè

Ọ̀rọ̀ ṣókí ló fa gbogbo rẹ̀. Ká ní Dókítà jókòó lọ́jọ́ kan péré kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ni, mi ò bá má ní ìtàn kankan láti sọ. Àmọ́ ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé ihò dúdú ojú ọ̀run lórí fóònù? Ìyá bi í pé kí ló ń ṣe gan-an níbi iṣẹ́, òun náà ní ẹ́síréè lòun ń wò. Ìyá ní ó dáa. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Kò purọ́. Ìwé ló kà tó fi di dókítà, ẹ́síréè náà ló sì ń wò lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti àyà èèyàn. Awò ńlá kan tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run ń yí ayé po lójú òfurufú, òun ló ń bá Dókítà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè tó ń wá láti àárín agbo ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Ihò dúdú kan wà níbẹ̀, alájẹkì tí kì í yó. Ohun tó bá fẹ́ gbé mì á kọ́kọ́ gbóná, á tàn yanran, kó tó wọlé lọ pátá. Ìtànṣán yẹn ni Dókítà ń kà lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ìyá gbé ọ̀rọ̀ náà kiri àdúgbò, pé ọmọ òun ni dókítà tó ń wo ẹ́síréè. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Dókítà, orí rẹ̀ ń wú. Nígbà tí Dókítà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín kí nìyẹn?

Ìgbà tó yá, ikọ́ dé. Ẹ̀gbọ́n Dókítà ọkùnrin mú ìyá lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò ẹ́síréè àyà rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé fọ́tò náà lọ fún dókítà àgbà. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní a kì í gbé létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ó ki fọ́tò bọ abẹ́ mátíràsì, ó ní ọmọ òun ló máa wò ó, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ àìsàn já a láyà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kàn pè é pé màmá fẹ́ rí i.

Dókítà ní òun á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ihò dúdú ṣàdédé tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì fún un láyè lórí awò náà, àyè tó ti ń tọrọ láti ọdún mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù tó ń bọ̀, ó di oṣù márùn-ún.

Nígbà tó dé, ìyá ti gbẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Tayọ̀tayọ̀ ló fi fa fọ́tò náà yọ. Dókítà gbé e sójú fèrèsé, ó rí àmì funfun kan nínú ẹ̀dọ̀fóró apá òsì. Ó sáré gbé fọ́tò náà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà àgbà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n yà á, ló bá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Dókítà padà sílé, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Ojú tì í, ó kórìíra ara rẹ̀.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Irú ẹ́síréè yìí kọ́ ni mò ń wò. Mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Ìyá ní kí ló wá ń wò láti ọjọ́ yìí.

"Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni, Màámi. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó ń fi hàn wá ti ṣẹlẹ̀ kọjá."

"Kò wá sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i mọ́?"

"Kò sí, mà."

Ìyá gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra dá a padà sábẹ́ mátíràsì.

"A jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n kà," ló wí.