Abẹ́rẹ́ Àkọ́kọ́ Àlejò

"Ya ẹnu. Ya ẹnu ẹ dáadáa, ọkọ mi."

Ọmọ ajá náà ya ẹnu, ó sì fi eyín wẹ́wẹ́ rẹ̀ gé Ìyá Nọ́ọ̀sì ní àtàǹpàkò jẹ. Ìyá kò fa ọwọ́ yọ. Ó wo ẹnu ajá títí dé ọ̀fun, ó ṣí etí rẹ̀ méjèèjì wò, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ kẹwàá rèé tí wọ́n ti ń ṣe é lórí tábìlì ilé ìdáná, kí ohun tí dókítà ẹranko máa ṣe lónìí má bàa ṣàjèjì sí Àlejò. Àlejò ni orúkọ tó sọ ajá.

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ti ajá ni àyà ìyá ṣe ń já. Ti ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ọwọ́ tó fi gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí kò já ọmọ kankan sílẹ̀ rí, òun ló ń gbọ̀n báyìí bí ẹni tí òtútù mú. Ìdí tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún wọn ni pé ó ti rẹ òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbà á gbọ́, ó sì ra ajá wá kí ilé má bàa dá jù. Ó wá kìlọ̀ pé, "Màmá, ọjọ́ tí mo bá rí i pé ẹ ò lè dá gbé mọ́, ilé mi lẹ̀ ń bọ̀ o. Ajá ò sì ní lè bá yín wá, ẹ mọ̀ pé irun ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ mi mí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ogún ọdún kẹ̀! Ti Ìyá Nọ́ọ̀sì kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án.

Ọmọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyá gbé agbọ̀n ajá lé itan, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ tó tẹ́ sínú rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí wọn, ó sì ń gbàdúrà.

Obìnrin ni dókítà, ọ̀dọ́ ni. Ó gba káàdì tí ìyá mú wá, ó bú sẹ́rìn-ín. Káàdì àjẹsára ọmọ ọwọ́ ni!

"Ìyá, ibi tí wọ́n ní kí ẹ kọ orúkọ ìyá ọmọ sí, orúkọ yín lẹ kọ!"

"Ta ni kí n kọ? Ṣé mo mọ ìyá ẹ̀ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó wá fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. "Ta ló máa bá mi dì í mú?"

"Èmi ni," ni ọmọ rẹ̀ fèsì kíá. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ ṣe di ajá mú gírígírí báyìí, Àlejò figbe ta. Ó ń jà, ó ń tàpá. Ọkùnrin tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ náà gbìyànjú, ajá tọ̀ sí i láṣọ.

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ó lè kán sí i lára. Àrùn tó ń pa ọmọ ajá sì wà níta báyìí o. Àbí kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ọ̀nà àbáyọ dé! Kí ìyá ṣáà ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ mélòó ló ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀ rí, "Nọ́ọ̀sì, a máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀"? Ó rántí èyí tí kò padà wá, àti èyí tó padà wá láìgbé ọmọ dání.

"Gbé e fún mi," ló wí.

Ó fa ọwọ́ yọ lábẹ́ aṣọ agbọ̀n, ó gbé ajá mọ́ àyà. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, gbogbo wọn rí i. Àlejò mí kanlẹ̀, ó sì dákẹ́. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ajá kò tilẹ̀ mira. Ìgbà yẹn ló yé ìyá: láti ọjọ́ tí ajá yìí ti dé, ọwọ́ tó ń gbọ̀n nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ tó dúró ṣinṣin ló ń bà á lẹ́rù.

"Màmá." Ohùn ọmọ rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Irọ́ ti dé ìyá lẹ́nu. Ó gbé e mì.

"Oṣù kẹjọ rèé."

Ọmọ rẹ̀ kò mẹ́nu kan ilé rẹ̀ rárá. Ó na ọwọ́, ó rọra gbé e lé orí ti ìyá rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi ń gbọ̀n. Ajá gbé orí sókè, ó gbóòórùn ọwọ́ náà, ó sì gbé àgbọ̀n lé e.