Ṣokoléètì Tí Ìyàwó Bá Mi Rò

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mò ń jowú. Kì í ṣe nítorí ọkọ mi o. Ta ló fẹ́ gba ọkọ tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Ìyá ọkọ mi ni mò ń jowú lé lórí.

Ó ti pẹ́ tí Ìyá ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ni tiwọn. Bí mo bá ń ránṣọ, wọ́n á jókòó tì mí lórí àpótí, wọ́n á máa bá mi gán bọ́tìnnì, a ó sì jọ máa rojọ́ oníbàárà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò fìgbà kankan jókòó tì mí bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni ìyá ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì kọ́ mi ní ṣokoléètì gbígbóná tí à ń dà sórí áísìkiriìmù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọbẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ń pè é. Ìyá fẹ́ràn rẹ̀ ju ọbẹ̀ gidi lọ.

A wà bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi gbéyàwó. Adúmáadán ni èmi ń pe àbúrò ọkọ mi yìí, torí ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ìyàwó rẹ̀ ń ta òògùn nílé ìtaja òògùn kan. Kò ṣe ohun burúkú kankan sí mi rí, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Bó bá rí mi, á kúnlẹ̀ wọlẹ̀ ṣinṣin, "Ìyálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o!" Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá, á máa sín àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ fún wọn, bí wọ́n ṣe ń béèrè òògùn tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, àfi àwọ̀. Ìyá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó yá, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu Ìyá mọ́ àfi "Ìyàwó ní." Ìyàwó ní kí n máa mumi dáadáa. Èmi tí mo ti ń gbé ife omi tẹ̀ lé wọn káàkiri ilé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ta ló dárúkọ tèmi!

Àfìgbà tí Adúmáadán wá sọ pé òun fẹ́ kí Ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ìyá ní àwọn á fún wọn lésì lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní kò burú. Ẹni tí ṣokoléètì tèmi bá wà lẹ́nu rẹ̀, níbo ló tún ń wá lọ?

Nígbà tọ́jọ́ pé, mo da ṣúgà àti kòkó lílọ̀ sínú ìkòkò, mo bu iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ sí i, mo da mílíìkì lé e, mo rò ó títí ṣúgà fi yọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku òfin Ìyá: tó bá ti ń hó, ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Wọn kì í rò ó mọ́, wọn kì í sì í fi síbí ha etí ìkòkò. Ṣúgà tó ti gbẹ sétí ìkòkò, tó bá fi lè bọ́ padà sínú rẹ̀, gbogbo ọbẹ̀ á di yanrìn. Èèyàn á kàn dín iná kù, á máa wò ó ni.

Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́, tí síbí wà lọ́wọ́ mi, Ìyàwó wọlé.

"Háà! Ìyálé mi dúró nídìí iná, èmi wá ń káwọ́ gbera? Ẹ dákun, ẹ fún mi, ẹ lọ jókòó."

Kò dúró gbọ́ èsì tó fi gba síbí. Bí mo bá ní rárá, wọ́n á ní ìyálé ń bínú. Bí mo bá sì ṣàlàyé, mo ti fọwọ́ ara mi kọ́ ọ níṣẹ́ mi nìyẹn. Ìyá sì pè mí láti yàrá wọn.

"Aránṣọ mi, wá bá mi wá gíláàsì ojú mi!"

Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: má rò ó. Mi ò sọ ọ́. Mo lọ wá gíláàsì.

Nígbà tí mo padà dé, Ìyàwó ń rò ó tagbáratagbára, ó ń ha etí ìkòkò ká, kó má baà ku ẹyọ kan tí ìyálé rẹ̀ á máa fọ̀. Òógùn ti bo imú rẹ̀. Mo fi ìka tọ́ ọ wò. Yanrìn gidi ni! Inú mi dùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, inú mi dùn gan-an ni. Mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe: omi díẹ̀, iná díẹ̀, á yọ́ padà. Bọ́tà nìkan ni mo fi sí i, mo gbé e lọ sórí tábìlì.

"Ìyàwó ló ro tòní fún wa o!" ni mo kéde.

Àbígbẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màámi, yanrìn wà nínú ọbẹ̀ yìí."

Ọkọ mi wúkọ́. Adúmáadán tẹjú mọ́ àwo. Ìyàwó tọ́ tirẹ̀ wò, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe sí i."

"Dìde jàre," ni mo fi ohùn oyin dá a lóhùn. "Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló wà fún irú iṣẹ́ yìí."

Ìyá jẹ tiwọn tán, wọ́n lá síbí wọn, wọ́n wo Ìyàwó.

"O ha etí ìkòkò, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọ pé kó o má ha á?"

"Ìyálé mi ò sí níbẹ̀, Mà. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà." Ó tún wá ń gbèjà mi!

Ìyá wá kọjú sí mi. "Aránṣọ mi, ṣé o rántí tìrẹ àkọ́kọ́? Ó jóná kọjá èédú, gbogbo wa la ṣì jẹ ẹ́." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà fi ẹ̀rín gbé e. "Ní báyìí, tìrẹ ti dùn ju tèmi lọ. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ kọ́ ọ mọ́." Wọ́n di ọwọ́ Ìyàwó mú. "Èsì tí ẹ ń retí, kí n tó jókòó sídìí tábìlì yìí, ohun tó wà nínú mi ni pé ibi tí mo wà yìí ti dára fún mi. Àmọ́ ọmọ yìí ò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ bá mi di ẹrù mi, màá lọ bá a gbé."

"Ó dáa, Mà," ni mo wí.

Mo kó àwo wọ ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Ká ní mo mọ̀ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni Ìyá ń dúró tì ni, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ǹ bá máa ba tèmi jẹ́.