Fìríìsà Kapilaben, Òógùn Ketki

Fìríìsà funfun kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná ilé wọn ní Nadiad. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí fìríìsà Kapilaben, bẹ́ẹ̀ Kapilaben kò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́ láti ọjọ́ tí Nimesh ọmọ rẹ̀ ti gbé Ketki wọlé. Ketki ló ń kún un. Nígbà ọ̀tútù, tí òtílì tútù, ẹ̀wà inú èèpo yẹn, bá dé sọ́jà, Ketki á jókòó sílẹ̀, á máa bó o títí èékánná rẹ̀ á fi dúdú. Á gún un pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata tútù, á yan án pẹ̀lú àgbọn àti ṣúgà díẹ̀, á fi ìyẹ̀fun pípò bò ó, á yí i róbótó. Á wá dín in ní àdínàbọ̀, kó le lára ṣùgbọ́n kó má tíì pọ́n. Tó bá tutù, á tò ó sínú fìríìsà lórí àwo láìjẹ́ kí ọ̀kan fara kan èkejì, ìgbà tó bá di òkúta tán ni yóò tó dà á sínú ọ̀rá. Ohun tí wọ́n ń pè ní kachori nìyẹn. Sàmósà náà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kachori olótílì lọ̀gá wọn. Tí òjò bá dé, tí òtílì tútù ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jà, ẹni tó bá ṣì ní i nílé, èèyàn ńlá ni.

Kapilaben a sì máa fi yangàn. "Ẹ yà wá bá mi, ẹ wá jẹ nínú fìríìsà mi." Ọwọ́ ta ló ṣe é? Ìyẹn ò kàn án.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bí Ketki nínú. Iṣẹ́ kì í kúkú pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ oyún ni.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́jọ́ Shitala, òrìṣà obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni kì í dáná. Ọjọ́ tó ṣáájú ni àwọn obìnrin máa ń se gbogbo oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n á pa iná, wọ́n á nu ààrò mọ́, wọ́n á fi àtíkè pupa sàmì sí i, wọ́n á gbé ewé òwú lé e, torí pé òrìṣà náà ń bọ̀ wá fara tutù níbẹ̀. Tó bá bá iná, ọmọ inú ilé ni yóò fi gbẹ̀san. Bí ìtàn ṣe wí nìyẹn, bí ìyá ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ.

Léṣìí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń se oúnjẹ sílẹ̀, Kapilaben ní kí Ketki gbé wàrà kaná fún òun kí òun fi lo oògùn. Ketki gbé e ka àdògán mànàmáná, ó gbé wàrà fún un, ó gbàgbé, kò pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá iná pupa kékeré rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Oṣù yẹn kò parí tí oyún oṣù márùn-ún tó wà lára Ketki fi wálẹ̀. Dókítà ní ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀ ni kò lágbára. Kapilaben kò gbọ́ ti dókítà. Ó wọ ilé dé ilé ní òpópónà wọn, ó ń sọ fún wọn pé, "Ìyàwó wa ló fi iná pa ọmọ ara rẹ̀." Láti ìgbà náà, tí Ketki bá ń kọjá, àwọn obìnrin a máa fi etí sàrì, aṣọ tí wọ́n lọ́ mọ́ra, bo ojú ọmọ wọn. Nimesh ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ: "Má dá Màmá lóhùn. Àgbà ni wọ́n."

Lọ́dún yìí, Ketki tún lóyún, ó sì ti pé oṣù márùn-ún gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù ń bà á débi pé nígbà tó yan róti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, tó sì se oúnjẹ ọjọ́ Shitala yòókù tán, ó ti gáàsì, ó tún padà lọ wò ó bóyá òun tì í. Ó yọ àdògán mànàmáná lára ògiri, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kó tó pa iná, ó bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé kí n dín kachori díẹ̀ mọ́ ọn, ká lè jẹ ẹ́ ní tútù lọ́la?"

"Fi kachori mi sílẹ̀," ni Kapilaben dáhùn. "Ta ní í fi ohun àmúyangàn jẹ tútù?"

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, òjò ń rọ̀. Ketki ti ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi tútù sórí ère Shitala ní ojúbọ tó wà ní ìkóríta, ó padà wọlé, aṣọ rẹ̀ kò tíì gbẹ, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ figbe ta.

"Ìyàwó! Ìyàwó o! Darshna pè. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti kúrò ní Dakor, wọ́n ń yà níbí."

Darshna ni àbúrò Nimesh, ilé olówó ló sì fẹ́ sí. Vidulaben ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́.

"Ẹ kú oríire, mà," Ketki fèsì. "Oúnjẹ wà. Róti eléwé wà, wàrà dídì wà, ọ̀dùnkún wà."

"Róti kẹ̀? Ṣé róti ni mo ṣèlérí fún wọn? Mo ti sọ fún Vidulaben pé ilé mi nìkan ni wọ́n ti ń jẹ kachori olótílì nínú òjò. Lọ dín in wá."

Ketki rò pé etí òun ni kò gbọ́ dáadáa. "Màmá, Shitala lònìí."

"Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní Shitala?"

"Ẹ wá ní kí n dáná?"

"Ta ló ní kí o dáná? Àdògán mànàmáná yẹn ni kí o gbé sọ̀kalẹ̀. Ṣé ìyẹn náà ni iná? Kò jò lala, kò rú èéfín. Bébà lásán, bí o bá gbé e lé e, kò ní jó. Ibo ni òrìṣà ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Sá dín in, ká gbé e sábẹ́ fáànù, tó bá tutù, a ó ní àná la dín in."

Inú bí Ketki gan-an. Ó fọwọ́ mú ikùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ ní kì í ṣe iná?"

"Kì í ṣe iná. Ṣé o ti di adití ni?"

"Àdògán yìí kan náà tí mo fi gbé wàrà yín kaná léṣìí? Léṣìí, iná ni, òun ló pa ọmọ mi. Lónìí tí ìyá ọkọ Darshna ń bọ̀, kì í ṣe iná mọ́. Ìgbà wo ló yí padà?"

"Wò ó, má bẹ̀rẹ̀ ìranù rẹ o! Àlejò ti wà lọ́nà, ẹjọ́ ni ìwọ ń wá."

Nimesh gbé orí kúrò nínú ìwé ìròyìn. "Ketki, jọ̀ọ́."

"Kí lo ń bẹ̀ mí fún? Màmá ní kí n gbé oyún rẹ dúró ti iná lọ́jọ́ Shitala. Àwọn ni kí o bẹ̀."

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ ná," ni Nimesh kùn, ó sì tún ki orí bọ inú ìwé rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin!

Kapilaben pòṣé. "Ọ̀lẹ! Ṣé mi ò ti dín kachori kí wọ́n tó bí ẹ ni?" Ó fa àga, ó gùn ún, ó gbé àdògán náà sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tú aṣọ tí Ketki fi wé e kúrò, ó kì í bọ ògiri, ó da òróró sínú ìkòkò, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, lórí ààrò gáàsì, ni ewé òwú ti Ketki gbé fún òrìṣà wà. Kapilaben kò wò ó. Ó ń da kachori sínú òróró, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n.

Ketki dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó ń wá ẹ̀rù lójú obìnrin yìí. Ìbá ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ìbá ṣe pé ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òrìṣà, Ketki ìbá ní ó dáa, ó gbà á gbọ́, ìgbàgbọ́ ló fi dá mi lẹ́bi. Kò sóhun tó jọ ọ́. Obìnrin yìí kò bẹ̀rù Shitala léṣìí, kò bẹ̀rù rẹ̀ lónìí. Ó kàn rí ọ̀pá tó lè fi na ìyàwó ilé, ó sì mú un. Ọdún kan gbáko ni Ketki fi ń sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni tó kà á sí i lọ́rùn kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìkà wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Kachori wà lábẹ́ fáànù nígbà tí àwọn àlejò wọlé. Vidulaben, ìyá ọkọ Darshna, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jẹ róti, ó jẹ wàrà dídì, ó ní ọwọ́ Ketki dùn. Kapilaben wá gbé àwo kachori dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí mo sọ fún yín rèé! Àná la ti dín in o, ẹ fọwọ́ kàn án, ó ti tutù rinrin."

Òótọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń dín nǹkan, ẹ mọ̀ pé inú kachori kì í tètè tutù bí ẹ̀yìn rẹ̀. Vidulaben fọ́ ọ̀kan sí méjì, èéfín sì rú jáde láàárín rẹ̀ lọ sókè níwájú gbogbo wọn.

Vidulaben gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Kapilaben, ti àná ló ń rú èéfín báyìí? Ta ló dáná nínú ilé yìí lónìí?"

Kapilaben kò tilẹ̀ mí kó tó dáhùn. "Ìyàwó ni o! Mo sọ, mo sọ, ẹnu mi bó. Ẹ ṣáà mọ àwọn ọmọ òde òní. Ṣé òní ló bẹ̀rẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe léṣìí tí oyún fi bọ́ lára rẹ̀, kò gbọ́n!"

Vidulaben wo ikùn Ketki. "Pẹ̀lú oyún nínú?" Ó sún àwo náà jìnnà sí ara rẹ̀. Darshna tẹjú mọ́lẹ̀.

"Irọ́ ni!" Ohùn Ketki le débi pé ó ya òun gan-an lẹ́nu. "Irọ́ gbuu! Màmá, ojú mi rèé, ẹ wò ó, kí ẹ tún un sọ."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pariwo mọ́ mi!"

"Mà," Ketki yíjú sí Vidulaben, "ẹ gbóòórùn aṣọ mi, kí ẹ gbóòórùn tiwọn. Ta ni òróró ń run lára rẹ̀ nínú àwa méjèèjì?"

Vidulaben kò gbóòórùn ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo etí sàrì Kapilaben, níbi tí òróró ti ta sí. Kapilaben sáré ká etí sàrì náà mọ́ ara.

"Ẹni tó dín kachori kò dùn mí," ni Ketki wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, ẹ̀yin àti Shitala. Ọmọ mi ló ń dùn mí. Ẹ sọ ọ́ ní ilé ìdáná láàárọ̀ yìí pé àdògán yẹn kì í ṣe iná. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́." Ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó ṣí i gbayawu, ìró òjò sì kún inú ilé. "Ẹ dìde, Màmá. Gbogbo ilé tí ẹ wọ̀ léṣìí, ẹ padà wọ̀ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé aránṣọ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà wa. Ẹ sọ fún wọn pé Ketki kò pa ọmọ rẹ̀."

"Nínú òjò yìí?"

"Nínú òjò lẹ lọ nígbà yẹn."

Kapilaben wo Darshna, Darshna kò gbójú sókè. Ó wo Vidulaben, ẹni yẹn ń fi omi ṣan ọwọ́. Ló bá figbe bọnu. "Nimesh! Ṣé o ń gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ sí mi níwájú àna? O ò ní bá a wí?"

Nimesh ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó dìde. Ketki di ilẹ̀kùn mú gírígírí, torí ó mọ ohun tó ń bọ̀ wá sọ, ó ti gbọ́ ọ rí, àgbà ni wọ́n, má dá wọn lóhùn. Ó sì ti pinnu pé bó bá sọ ọ́ lónìí, òun á gba ilẹ̀kùn yìí jáde, òun kò ní padà.

Nimesh kọjá lára rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí gbogbo wọn bọ́ bàtà sí, ó ṣa bàtà ìyá rẹ̀ láàárín ti àwọn àlejò. Ó gbé e lọ síwájú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó tò ó, ó kọjú rẹ̀ síta.